Alágbẹ̀dẹ Tó Kọ́kọ́ Ṣe Ṣíbí

Ọjọ́ Kẹrin, Oṣù Kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún òsì yẹn ti ń jẹ́ kí ẹ gun àtẹ̀gùn láìdúró? Èmi wà. Òtútù ibí ń ṣe tirẹ̀, èmi náà ń ṣe tèmi. Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ti ra ẹ̀rọ tuntun kan tó ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ká a, nítorí náà wọn ò tíì lé mi. Irinwó aṣọ ni mò ń ká lójúmọ́.

Ẹ máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ tó bá ní láárí, inú lẹ́tà ni kí n fi sí, pé ọ̀rọ̀ orí fóònù kì í ní ẹlẹ́rìí. Ọ̀rọ̀ tó ní láárí nìyí. Ẹ mọ̀ pé mò ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní èdè ní gbogbo Sátidé, nínú yàrá tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń pààrọ̀ táyà. Mẹ́tàlá ni wọ́n, wọn kì í sì í gbọ́ tèmi. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi fídíò hàn wọ́n, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ wọn lẹ́nu. Nítorí náà mò ń wá ìkànnì tó ń sọ ìtàn wa àti ibi tí àwọn ọ̀rọ̀ wa ti wá, èyí tí èèyàn lè fọkàn tán. Wọ́n pọ̀ lórí ayélujára bí iyanrìn. Mi ò mọ èyí tó mọ nǹkan, mi ò mọ èyí tó kàn mọ ariwo.

Ẹ̀yin lẹ fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ka ìwé ní ilé ìtẹ̀wé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, tí àṣìṣe kan ò lè gba abẹ́ imú yín kọjá. Mo ti fi ìkànnì mẹ́rin ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Ẹ bá mi wò wọ́n. Bí ẹ bá ti ní "èyí dáa," ó tó mi. Ọ̀gá Àgbà, obìnrin tó dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, sọ pé bí kíláàsì mi bá dùn ún wò títí di ọjọ́ àwọn òbí, ní òpin oṣù Karùn-ún, òun á fi mí ṣe olórí olùkọ́. Bàbá, mo fẹ́ ipò yẹn. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń ká aṣọ tí aláìsàn sùn lé. Mo fẹ́ kí ibì kan wà tí wọ́n ti ń pè mí ní olùkọ́.

Ẹ bá mi kí aránṣọ ìsàlẹ̀.

Àkọ́bí yín


Ọjọ́ Kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kejì

Àkọ́bí mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Orúnkún ṣì wà níbi tí o fi í sílẹ̀ sí. Aránṣọ kí ọ. Òun ló ń bá mi di fóònù mú, torí bí ọwọ́ tèmi bá ti kàn án báyìí, fídíò á sá lọ, obìnrin kan á sì bẹ̀rẹ̀ sí í polówó ọṣẹ fún mi.

Mo ti wo ìkànnì rẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo bẹ̀ ọ́, ta ni mo ṣẹ̀?

Àkọ́kọ́, mo sọ ọ́ ní Aláriwo. Ọkùnrin yẹn kì í sọ̀rọ̀, gbígbó ló ń gbó. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láyé, àwa la ni ín, wọ́n jí i lọ́wọ́ wa ni. Ó kù díẹ̀ kó ní èdè wa ni ẹja ń sọ lábẹ́ omi. Ẹ̀rí tó ní ò ju pé kó na ìka sí wa lójú. Bó bá ti nàka, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ìkejì, Onígíláàsì. Eléyìí fi gíláàsì sójú, ó gbé pẹpẹ ìwé sẹ́yìn, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bíi dókítà tó fẹ́ túfọ̀. Mo ní kí aránṣọ dá fídíò dúró kí n ka ẹ̀yìn àwọn ìwé náà. Ọ̀kan ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń tún fìríìjì ṣe. Mẹ́ta jẹ́ ìwé kan náà. Kò sí ọ̀kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ìwé tí èèyàn bá kà, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣẹ́.

Ìkẹta, Ẹlẹ́kún. Obìnrin yìí ò lè dárúkọ bàbá ńlá ẹnikẹ́ni kí omi má bọ́ lójú rẹ̀. Ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ bá ti tán ni ẹkún ti ń bẹ̀rẹ̀. Aránṣọ sì ń bá a sunkún, àgbàlagbà tó ti ní ọmọ-ọmọ.

Ìkẹrin ló wá burú jù. Kò tiẹ̀ lójú. Ọwọ́ méjèèjì obìnrin kan péré là ń rí, tó ń ṣí ìwé, tó ń fìka sábẹ́ ìlà. Igba èèyàn ló wò ó, mo sì gbà pé àádọ́jọ nínú wọn ló ṣìnà débẹ̀. Mo jókòó ti Ọlọ́wọ́ yìí fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tó parí, ó ní, "A ò mọ̀." Mo ní kí ló wí? Aránṣọ tún un ṣe. "A ò mọ̀." Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní olùkọ́! Èmi náà ò mọ̀, mi ò sì pe èèyàn jọ kí wọ́n wá gbọ́ ọ.

Má lo ìkankan títí màá fi sọ̀rọ̀. Ní ilé ìtẹ̀wé, a ní ọ̀nà tí a fi ń mọ ẹni tó ń kàwé àti ẹni tó kàn ń fojú gbálẹ̀ lórí ewé. Ọ̀nà yẹn ò tíì bàjẹ́. Má bi mí. Ẹni tí wọ́n ń dán wò kì í mọ̀, ẹni tó bá sún mọ́ ọn kì í mọ̀.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ Kọkànlélógún, Oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ èébú. Mo rẹ́rìn-ín títí ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ fi bi mí bóyá mo ṣàìsàn. Lẹ́yìn náà ni mo wá rí i pé ẹ ò fún mi ní nǹkan kan. Mo ní kí ẹ bá mi ṣa ọ̀kan, ẹ bú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe nígbà tí ọkùnrin ń wá mi wá sílé. Ìkíní, etí rẹ̀ tóbi. Ìkejì, ẹ̀rín rẹ̀ ti pọ̀ jù. Èyí tó kẹ́yìn, ẹ ní ó ń kọ lẹ́tà bí ẹni tó ń sá fún òjò. Èmi náà rèé lónìí, mò ń dá ká aṣọ.

Ọ̀rọ̀ ń dé ọrùn o. Ní Sátidé tó kọjá, ọmọ ọdún mẹ́jọ kan bi mí níbi tí ọ̀rọ̀ kan ti wá. Mo ní màá lọ wò ó. Ó ní, "Kí wá ni iṣẹ́ yín?" Ọ̀gá Àgbà wà lẹ́yìn, ó ń kọ nǹkan sínú ìwé kékeré rẹ̀. Bàbá ọmọ kan tún wà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé. Ohunkóhun tí mo bá ti sọ, á ní, "Níbo lẹ ti rí i, olùkọ́?" Kì í fi bínú o, ó kàn ń béèrè ni. A ti sọ ọ́ ní Níbo.

Ọkàn mi ń fà sí Onígíláàsì. Ohùn rẹ̀ balẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í dẹ́rù ba ọmọdé. Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́: ṣé mo lè lò ó? Kó tó di òpin oṣù Kẹrin ni kí ẹ jọ̀wọ́ dá mi lóhùn.

Àkọ́bí yín


Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kẹrin

Àkọ́bí mi,

Ara mi dá ṣáṣá. Aránṣọ ní ojú mi ń dán bí ojú ọkọ ìyàwó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gun àtẹ̀gùn lánàá, mi ò sì rántí pé mo lórúnkún.

O bi mí nípa Onígíláàsì. Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀ni, mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀kọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fídíò kan jáde lórí ibi tí ọ̀rọ̀ ṣíbí ti wá. Lọ wò ó. Wò ó lẹ́ẹ̀mejì, dáadáa, kí o kọ ohun tí o bá rí sí mi. Ọmọ mi ni ọ́, ojú rẹ á rí ohun tó yẹ kó rí.

Ọ̀kẹ́ méjì èèyàn ti wò ó láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọ̀kẹ́ méjì! Ìwé tó tà jù nílé ìtẹ̀wé wa, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta la tẹ̀, páálí méjì nínú rẹ̀ sì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹlẹ́kún náà ti gbé e, ó sunkún dé ibi tí tìróò rẹ̀ fi ṣàn wá sí àgbọ̀n. Aláriwo ti gbó tirẹ̀. Ọlọ́wọ́ nìkan ni kò sọ nǹkan kan, akúrẹtẹ̀.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ Karùn-ún, Oṣù Karùn-ún

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì bí ẹ ṣe wí. Bí ìtàn alágbẹ̀dẹ yẹn ṣe wọ̀ mí lára! Pé iná jó ìka mẹ́ta dànù lọ́wọ́ rẹ̀, pé kò sẹ́ni tó fẹ́ bá a tọwọ́ bọ àwo kan náà mọ́, pé òun ló fi irin rọ ọwọ́ kékeré kan fún ara rẹ̀ tó fi ń jẹun, tí ọba sì rán ni wá gba irú rẹ̀. Ṣíbí lorúkọ ọkùnrin náà, orúkọ rẹ̀ ló sì di orúkọ ohun tó ṣe. Àwọn ọmọ ní kí n tún un fi hàn lẹ́ẹ̀mẹta.

Bàbá, ẹ gbọ́ èyí. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ọmọ Níbo yẹn gan-an. Ìka méjì péré ni wọ́n bí mọ́ ọn lọ́wọ́ ọ̀tún. Láti ìgbà tó ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, inú àpò ni ọwọ́ yẹn ń gbé. Bí a bá fẹ́ jẹ ìpápánu, á kọjú sí ògiri. Lẹ́yìn fídíò yẹn, ó yọ ọwọ́ jáde, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní òun lòun máa ṣe Ṣíbí. A ti ń múra eré sílẹ̀ fún ọjọ́ àwọn òbí, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù yìí. Páálí la fi gé ṣíbí ńlá. Ọ̀gá Àgbà ní òun máa fi ìtàn náà sínú ìwé kíkà tuntun tí òun ń tẹ̀.

Níbo béèrè bó ṣe máa ń béèrè. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò kálòlò. Mo ní bàbá mi ló yẹ̀ ẹ́ wò, àṣìṣe kì í sì í gba abẹ́ imú rẹ̀ kọjá.

Àkọ́bí yín tí inú rẹ̀ dùn


Ọjọ́ Kejìdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Karùn-ún

Àkọ́bí,

Òní ni lẹ́tà rẹ dé. Orí ìdúró ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, orí ìjókòó ni mo ti parí rẹ̀. Mo gbé fóònù láti pè ọ́, mo tún gbé e kalẹ̀. Ọjọ́ àwọn òbí ti kọjá láti ọjọ́ mẹ́ta. Kí ni mo fẹ́ wí?

Ta ló ní kí o lò ó? Mo ní kí o wò ó. Wíwò àti lílò, ṣé ọ̀kan náà ni? Nílé ìtẹ̀wé, bí ẹnì kan bá wá tọrọ iṣẹ́ ìwé kíkà, ọ̀gá á ki irọ́ kan bọ ojú ewé, á sì gbé e fún un. Bó bá dá ewé padà láìfa ìlà sí i, ilé yá. Mo ti lé mẹ́sàn-án lọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ṣe fún àwọn aláriwo rẹ nìyẹn. Mo jókòó láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo dá alágbẹ̀dẹ kan kí omi tíì tó hó, mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú orúkọ mi àti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n mi. Mẹ́ta gbé e mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu. Wọ́n tiẹ̀ tún ń bù kún un. Onígíláàsì fi ọba sí i. Ẹlẹ́kún fún un ní ìyá afọ́jú. Aláriwo rí sàréè rẹ̀, ó ní àwọn àjèjì ló jí ṣíbí lọ́wọ́ wa.

Mo wá ní kí ìwọ náà wò ó, kí n mọ̀ bóyá ojú rẹ là. O ò rí i. Kò sí ọdún, kò sí ìlú, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni, bẹ́ẹ̀ o jókòó, o ń da omi lójú bí aránṣọ. O kùnà. Ó dùn mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n o kùnà.

Sọ fún wọn pé eré ni. Ọmọ yẹn á gbàgbé, ọmọdé kì í pẹ́ gbàgbé.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹfà

Bàbá,

Mi ò kí yín. Bó bá bí yín nínú, ẹ jẹ́ kó bí yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí eré náà ṣe lọ. Yàrá kún dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ yẹn jáde síwájú gbogbo èèyàn, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè pẹ̀lú ìka rẹ̀ méjèèjì, ó ní, "Èmi ni Ṣíbí." Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Ìyá rẹ̀ fi ojú pamọ́ sínú aṣọ. Bàbá rẹ̀ wá dìde. Ojú rẹ̀ ń làágùn. Ó sọ pé inú òun dùn dé ibi tí òun fi fẹ́ bá ọmọ òun wá ìwé lórí ọkùnrin náà, pé òun wá gbogbo ilé ìkàwé, òun ò rí i, lòun bá kọ̀wé sí Onígíláàsì. Èsì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Olùkọ́, ẹ gbà mí o. Níbo lẹ ti rí i?" Èmi òpònú, mo na àyà, mo ní bàbá mi ló yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ka ìwé náà síta. Orúkọ yín ló wà níbẹ̀, Bàbá, pẹ̀lú ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n yín. Ẹni tó sọ ọ́ ni ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Orúkọ yín, orúkọ mi. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn.

Ọmọ náà wò mí. Ó ní, "Ṣé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni?" Mo ní màá bi bàbá mi. Ó ki ọwọ́ bọ àpò.

Ọ̀gá Àgbà gba kíláàsì náà lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó kó àga. Ó ní a kì í fi irọ́ tọ́ ọmọ. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni mò ń ká ní Sátidé náà báyìí. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni lẹ́tà yín wá dé, pé eré ni, pé ọmọdé kì í pẹ́ gbàgbé.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin wà lọ́jà o, ọwọ́ yín náà lẹ fi wọ́ ọ. Ẹ fi ẹ̀rín bú gbogbo ayé, ẹ bú Onígíláàsì, ẹ bú aránṣọ tó ń fún yín ní tíì mu. Ta ló wá purọ́ nínú gbogbo yín? Ẹ ní mo kùnà. Lóòótọ́ ni. Mo kùnà nítorí mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí n yẹ bàbá mi wò.

Mi ò fọwọ́ sí i. Ẹ mọ ẹni tó kọ ọ́.


Ọjọ́ Kẹta, Oṣù Kẹjọ

Bàbá,

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ ò kọ̀wé, ẹ ò gbé fóònù. Aránṣọ ló ní ẹ wà láàyè, pé ẹ kàn ń tilẹ̀kùn ni.

Ìwé kíkà Ọ̀gá Àgbà ti jáde. Ṣíbí wà lójú ewé kẹrin, pẹ̀lú àwòrán. Mo lọ bá a, mo ní, "Ẹ̀yin lẹ lé mi nítorí irọ́ yìí." Ó ní ìtàn náà dùn, ìwé sì ti kúrò lẹ́rọ, kí n má ba iṣẹ́ òun jẹ́. Lófíńdà rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ.

Wọ́n ní ọmọ Níbo kì í wá sí kíláàsì mọ́. Bí ẹ bá ní nǹkan tí ẹ lè ṣe, ẹ ṣe é. Bí ẹ ò bá ní, ẹ kọ ìyẹn náà sí mi.


Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kẹjọ

Àkọ́bí mi,

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kí ọ, nítorí náà mo fò ó.

Mo ka lẹ́tà rẹ ti oṣù Kẹfà pẹ̀lú bírò pupa lọ́wọ́, bó ti mọ́ mi lára. Mi ò rí ibi tí màá fa ìlà sí. Lẹ́tà tèmi ni mo wá rántí, èyí tí mo kọ sí ọ ní oṣù Karùn-ún, irọ́ sì wà nínú ìyẹn náà. Mo ní ìdánwò ni. Ìdánwò ni fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí àwọn mẹ́ta ti gbé e mì, ó ti parí, ó yẹ kí n kọ̀wé pé irọ́ ni. Ohun tí mo ṣe ni pé mo kọ apá kejì. Èmi ni mo fún un ní ìyá afọ́jú, kì í ṣe Ẹlẹ́kún.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi fọ ìwé àwọn ẹlòmíràn mọ́. Bí ìwé bá jáde, wọ́n á yin ẹni tó kọ ọ́, wọ́n á yin ẹni tó ya àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀. Bí àṣìṣe bá wà nínú rẹ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n á pè mí. Ọ̀kẹ́ méjì èèyàn wá gbọ́ ohun tó ti ẹnu mi jáde. Onígíláàsì kọ̀wé sí mi, ó pè mí ní orísun ìmọ̀. Ó dùn mọ́ mi, ọmọ mi. Mo ń wo iye wọn láràárọ̀ kí n tó fọ ẹnu. Mo ń bú wọn, mo sì ti burú jù wọ́n lọ, torí wọn ò mọ̀ pé irọ́ ni, èmi mọ̀. Ìwọ ni mo ta fún un.

Ọlọ́wọ́ ló kọ̀wé sí mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò sọ fún ọ. Ìbéèrè mẹ́ta ló bi mí: ta ló sọ fún yín, nígbà wo, ta ló tún gbọ́ ọ? Mo bú u lójú aránṣọ, mo ju ìwé náà sínú àpótí. O ní kí n bá ọ wá ìkànnì kan tí èèyàn lè fọkàn tán. Òun ni. Láti oṣù Kẹta ni mo ti mọ̀.

Mo kọ èsì sí i lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo wọ aṣọ tí mo fi fẹ̀yìn tì, aránṣọ di fóònù mú, ó ń ya fídíò mi, mo jókòó, mo ní èmi ni mo dá Ṣíbí alágbẹ̀dẹ, kò gbé ayé rí, ọmọ mi ò mọ̀ sí i, mo sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ àti lọ́wọ́ ọmọ kan tí mo ṣẹ̀. Ọlọ́wọ́ gbé e jáde láìbù kún un, láìyọ kúrò.

Èèyàn ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́fà ló wò ó. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé wọ́n rán mi níṣẹ́ ni kí n bo ìtàn wa mọ́lẹ̀. Ẹnì kan ní bàbá bàbá bàbá òun ra ṣíbí lọ́wọ́ Ṣíbí. Onígíláàsì ti ṣe fídíò tuntun lórí àwọn ọ̀tá Ṣíbí, fọ́tò mi sì wà níbẹ̀. Aránṣọ gan-an, tó wà níjókòó nígbà tí mo dá ọkùnrin náà, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Bàbá, àbí ẹ ti gbọ́ ọ níbì kan rí, tí ẹ ti gbàgbé?"

Fi fídíò náà han ẹni tí o bá fẹ́. Mo ṣẹ̀ ọ́. Dárí jì mí.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kẹsàn-án

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé orúnkún ń gbádùn?

Mo fi fídíò han Ọ̀gá Àgbà. Ó wò ó tán, ó ní bàbá yín gbìyànjú, ó sì bi mí bóyá mo fẹ́ ra ìwé kíkà. Kò dá kíláàsì padà. Mi ò sì tọrọ ẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn mi. Níbo ni, òun àti ọmọ rẹ̀. Mo rò pé ó wá fi ata sí mi lójú ni. Ó ní òun ti wo bàbá mi lẹ́ẹ̀mẹrin, pé ilé tí àgbà ti lè jókòó níwájú ayé kó ní òun purọ́, ibẹ̀ ni òun fẹ́ kí ọmọ òun ti kàwé. Ọmọ márùn-ún ló ń wá sí ilé ìdáná mi báyìí ní Sátidé. Mo ti sọ níbi iṣẹ́ pé mi ò ká aṣọ lọ́jọ́ náà mọ́. A wo Ọlọ́wọ́. Ẹnì kan sùn lọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́rin ò sùn.

Inú ṣì ń bí mi sí yín. Ẹ jẹ́ kó máa bí mi, á rọlẹ̀ bó bá yá.

Ọmọ náà ò tíì yọ ọwọ́ nínú àpò. Ó ní ìbéèrè kan fún yín, ó ní ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ dá òun lóhùn, kí n má bá yín sọ ọ́. Ó ní nínú gbogbo nǹkan tó lè ṣe alágbẹ̀dẹ, kí ló dé tó jẹ́ ìka lẹ mú? Ó ní bí ẹ ò bá mọ̀, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀.

Àkọ́bí yín


Ọjọ́ Kẹfà, Oṣù Kẹwàá

Ọmọ mi tí mi ò rí rí,

Mo kí ọ, mo kí bàbá rẹ. Olùkọ́ rẹ fún mi ní ìbéèrè rẹ. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ro ó.

Mo ti rò pé mi ò mọ̀. Mo mọ̀. Ọkùnrin kan wà nílé ìtẹ̀wé wa tó ń lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé etí ìwé. Ẹ̀rọ náà gé ìka rẹ̀ mẹ́ta, èmi ni mo sáré lọ pe mọ́tò. Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, orí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ló ti ń jẹun, òun nìkan, fún ọdún mẹ́rìnlá. Àwo wa tóbi, àyè wà. Kò sẹ́ni tó lé e. A kàn ń dákẹ́ bó bá ń bọ̀ ni, títí kò fi bọ̀ mọ́. Kò rọ ohunkóhun fún ara rẹ̀, ọba kankan ò rán ni sí i. Nígbà tí mo fẹ́ purọ́ láàárọ̀ yẹn, òun ló wá sọ́kàn mi. Mo fún un ní ọlá tí a ò fún un nígbà tó wà láàyè, mo rò pé eré ni mò ń ṣe.

Apá yẹn kì í ṣe irọ́. Ẹni méjì tó kù nínú àwa tó wà níbẹ̀ ṣì wà láàyè, mo ti kọ ibi tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn ìwé yìí, kí bàbá rẹ lè bi wọ́n. Ibi tí ọ̀rọ̀ ṣíbí ti wá, mi ò mọ̀.

Ó ní orúkọ tí gbogbo ilé iṣẹ́ fi ń pè é nítorí ọwọ́ rẹ̀, orúkọ tí wọ́n ń pè ká tó máa rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní kọ ọ́ sínú lẹ́tà yìí.

Bàbá olùkọ́ rẹ